Olólùfẹ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì àti Ìwé Báńkì Yín

Mo ti ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó ilé ni a ó tẹ̀ síwájú lé lórí nínú ìtẹ̀jáde yìí. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ìyẹn dúró ná. Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí kò yẹ kó dúró, mo sì ti gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí kí n tó kọ ọ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní sọ ibi tó ń gbé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá a láàárín ara yín.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, arábìnrin wa kan pè mí lórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Èmi ni mo máa ń bá a ṣe ìwé owó orí lórí ilé kan tó ti ń gba rẹ́ǹtì.

"Bọ̀dá Akáńtáǹtì, ẹ má bínú pé mo pè yín lálẹ́. Ẹnì kan ní kí n bá òun gba £3,000 sínú àkáǹtì mi, kí n fi ránṣẹ́ síbòmíràn. Owó náà ti wọlé. Ṣé n ó san owó orí lé e lórí?"

Mo ní, "Àǹtí mi, ta ni ẹni náà?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹni tí a jọ fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ni."

Èmi tí mo ti ń bá a ṣírò owó láti ọdún mọ́kànlá, tí mo wà níbi ìsìnkú ọkọ rẹ̀, n kò gbọ́ ọ rí pé ó ní àfẹ́sọ́nà. Mo ní kó má fọwọ́ kan £3,000 náà, kó sì kó gbogbo ìwé báńkì rẹ̀ wá lọ́jọ́ kejì.

OHUN TÍ ÌWÉ BÁŃKÌ SỌ

Nọ́ọ̀sì ni arábìnrin yìí, ẹni ọdún 58. Ọkọ rẹ̀ kú ní ọdún 2019, àwọn ọmọ sì ti kó lọ sí ilé ara wọn. Bó bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé láàárọ̀, rédíò nìkan ni yóò bá a sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ní oṣù keje ọdún 2024, ọkùnrin kan kọ̀wé sí i lórí Facebook. Ó ní ọmọ Ìjẹ̀bú ni òun, ẹnjiníà ni òun, lórí ibùdó ìwapo inú òkun Norway ni òun ti ń ṣiṣẹ́, ìyàwó òun sì ti kú. Yorùbá ló fi kọ ọ́, Yorùbá tó já gaara. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì pè é, Àdùkẹ́. Ní agogo márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀, wọn a jọ gbàdúrà lórí fóònù. Oṣù mẹ́rin gbáko, ọkùnrin náà kò bèèrè kọ́bọ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé òyìnbó ni gbájú-ẹ̀ yìí ń mú. Ṣebí àwa la mọ Yahoo; àwa la mọ̀ pé abala 419 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà ni wọ́n ti mú orúkọ yẹn. Bí a bá gbọ́ pé obìnrin òyìnbó kan kó owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ fún "ọ̀gágun Amẹ́ríkà" tí kò rí rí, ẹ̀rín ni a máa ń rín. Arábìnrin wa náà máa ń rín in. Ohun tó sọ fún mi nìyí: "Ká ní òyìnbó ló kọ̀wé sí mi ni, ǹ bá ti fura. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kí mi pé ẹ kú àárọ̀ mà, tó mọ orin tí a ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, báwo ni n ó ṣe rò ó sí burúkú?" Gbogbo ìṣọ́ tó ń ṣọ́ra, ẹnu ọ̀nà iwájú ló kọjú sí. Ọ̀tẹ̀ yìí, ẹ̀yìnkùlé ni olè gbà wọlé.

Mo fi bírò pupa sàmì sí gbogbo owó tó jáde. Oṣù kọkànlá 2024: gift card, £200 lápapọ̀, nítorí ọjọ́ ìbí ọmọ ọkùnrin náà, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù lórí omi. Oṣù kìíní 2025: £1,850, owó ibodè lórí ẹ̀rọ kan. Oṣù kejì: £4,600, ó ṣubú lẹ́nu iṣẹ́, ó wà ní ọsibítù. Oṣù kẹta: £5,000, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta £4,500, ilé iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ san owó ńlá fún un, àmọ́ lọ́yà gbọ́dọ̀ gba tirẹ̀ ná. Oṣù kẹrin: £6,400, tó gba ṣọ́ọ̀bù ìfowóránṣẹ́ lọ sí Èkó, fún ilẹ̀ tí wọn ó jọ kọ́lé sí. Oṣù karùn-ún: £12,000, Bitcoin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rà, tó sì fi ránṣẹ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £34,550.

Ẹ wo £200 àkọ́kọ́ yẹn. Ẹni tó fi oṣù mẹ́rin gbàdúrà pẹ̀lú ènìyàn kò ṣe é nítorí £200. Ó ń wò ó bóyá ẹnu ọ̀nà ṣí ni.

Síbẹ̀, iye owó kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Orúkọ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló rán owó sí àkáǹtì ní Ìlú Ọba níhìn-ín, orúkọ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lórí wọn, ti ọkùnrin náà kò sì sí níbẹ̀. Ẹni tó gba owó ní Èkó jẹ́ orúkọ karùn-ún. Mo bi í pé, "Àǹtí, nínú gbogbo àwọn wọ̀nyí, èwo ni ọkọ?" Ìgbà yẹn ni omi bọ́ lójú rẹ̀.

KÍ NI ẸNÌKẸTA SỌ?

Nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ ìṣirò owó ní yunifásítì níhìn-ín, wọ́n kọ́ wa ní bí a ṣe ń yẹ ìwé ilé iṣẹ́ wò. Wọ́n ní ẹ̀rí ju ẹ̀rí lọ. Bí ọ̀gá ilé iṣẹ́ bá sọ fún ọ pé £100,000 wà ní báńkì, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Bó bá mú ìwé jáde, ó sàn díẹ̀, àmọ́ ọwọ́ òun náà ni ìwé ti wá. Bí ìwọ fúnra rẹ bá kọ̀wé sí báńkì, tí báńkì dá ọ lóhùn tààrà láìgba ọwọ́ ọ̀gá kọjá, ìgbà náà ni o ní ohun tí o lè fọwọ́ sí. Ẹnìkẹta ti sọ̀rọ̀.

Àwọn baba wa mọ èyí ṣáájú ìwé. Kí ni iṣẹ́ alárinà? Kí ni ìdílé ń wádìí kí wọ́n tó gbà pé kí ọmọ wọn lọ? Wọn kì í bi ọkọ ìyàwó léèrè bóyá oníjà ni, bóyá ajigbèsè ni. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni wọ́n ń bi. Lẹ́yìn ìyẹn ni mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ tó tẹ̀lé e. A máa ń sọ pé bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà a yẹ̀bá. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, alárinà kò tilẹ̀ yọjú rárá tí yóò fi yẹ̀bá.

Kí ni arábìnrin wa ní lọ́wọ́? Fọ́tò, ọwọ́ ọkùnrin náà ló ti wá. Pásípọ́ọ̀tù, fọ́tò rẹ̀ ló fi ránṣẹ́. Ìwé ọsibítù, ìwé ilé iṣẹ́, ìwé báńkì tó fi hàn pé olówó ni, ọwọ́ kan náà. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ iṣẹ́, bí mo bá kó irú fáìlì bẹ́ẹ̀ síwájú ọ̀gá mi, lílé ni yóò lé mi jáde.

Ó ní, "Ṣùgbọ́n a rí ara wa lórí fídíò WhatsApp lẹ́ẹ̀mejì." Ẹ̀yin ará mi, fídíò kò tó mọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọlọ́pàá Hong Kong kó ènìyàn 27 tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà sọ ojú ara wọn di ojú arẹwà obìnrin bí wọ́n bá ń bá ọkùnrin sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Owó tí wọ́n gbà tó bíi mílíọ̀nù 46 dọ́là Amẹ́ríkà. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìròyìn kàn láti ilẹ̀ Faransé nípa obìnrin kan tí wọ́n gba 830,000 yúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lórúkọ òṣèré Brad Pitt. Fọ́tò òṣèré náà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, tí kọ̀ǹpútà ló yà á, wà lára ohun tí wọ́n fi mú un.

Ẹ má sì rò pé ọmọdé kan tó jókòó sí kàfé ló ń dá a ṣe. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 2024, EFCC ya wọ ilé alájà méje kan ní Victoria Island ní Èkó, wọ́n sì kó ènìyàn 792 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ará China wà nínú wọn, 148. Ará Philippines, 40. Àlàyé tí EFCC ṣe ni pé àwọn ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa wá ẹni tí wọn ó bá sọ̀rọ̀ ìfẹ́ tàbí ti okòwò. Bí ẹni náà bá ti fọkàn tán wọn, àwọn àjèjì a gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó ń pe arábìnrin wa ní Àdùkẹ́ lówùúrọ̀ lè máà jẹ́ ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ lálẹ́.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó fi irú ẹjọ́ yìí sun àjọ FTC ní ọdún 2022 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 70,000, owó tí wọ́n sì sọ pé wọ́n pàdánù jẹ́ bílíọ̀nù 1.3 dọ́là. Bí ẹ bá to àwọn tó pàdánù owó náà láti ẹni tó pàdánù jùlọ dé ẹni tó kéré jùlọ, ẹni tó wà láàárín gan-an pàdánù 4,400 dọ́là. Àwọn tó fẹjọ́ sùn nìyẹn o. Arábìnrin wa kò bá má sun ẹnikẹ́ni, bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ owó orí.

"KÍ AYÉ MÁ GBỌ́"

Kí ló dé tí kò pe ẹnì kan ní Ìjẹ̀bú? Nínú ẹgbẹ́ wa yìí, ó kéré tán mo mọ ọkùnrin mẹ́ta tí ìyàwó wọn jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú. Mo bi í. Ó ní, "Ó ní ká pa á mọ́ra. Ó ní ayé kò fẹ́ ohun rere, ká má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ títí Ọlọ́run yóò fi parí iṣẹ́ rẹ̀."

Ta ni nínú wa tí kò tíì sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí? A kì í sọ oyún oṣù méjì. A kì í sọ ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú tí Home Office kò tíì fún wa. Oníjìbìtì náà kò dá ọgbọ́n tuntun kankan. Àṣà wa ló mú, ó fi ṣe kọ́kọ́rọ́, ó sì ti obìnrin náà mọ́lé. N kò sọ pé kí ẹ máa gbé ọ̀rọ̀ yín kiri ọjà. Ẹnì kan péré ni mo ní kó mọ̀, ẹni tí kò sí nínú ìfẹ́ náà, tó lè bèèrè ìbéèrè tí ojú ìfẹ́ kò rí. Bí olólùfẹ́ bá ní kí ẹni yẹn má gbọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni yẹn gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Èmi kò bá ìfẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì jà. Ibẹ̀ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti pàdé ọkọ rẹ̀, wọ́n sì ti bí ọmọ méjì. Ṣùgbọ́n kí oṣù kan tó pé, wọ́n ti rí ara wọn ní ilé oúnjẹ kan lọ́sàn-án gangan, àbúrò rẹ̀ sì jókòó sí tábìlì kejì. Ẹ̀gbọ́n mi pe ẹnì kan nílé, ẹni náà gun ọ̀kadà lọ sí àdúgbò tí ọkùnrin náà dárúkọ, ó sì bi oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ilé bóyá ó mọ ìdílé yẹn. Inú ọkọ ìyàwó kò dùn nígbà tó gbọ́. Lónìí, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìtàn náà fún àlejò.

Bí kò bá sí ẹni tó lè gun ọ̀kadà fún yín, ẹ gbé fọ́tò rẹ̀ sí Google Lens tàbí TinEye, ẹ wò ó bóyá orúkọ ẹlòmíràn ló wà lórí rẹ̀ níbòmíràn. Ẹ pe ilé iṣẹ́ tó ní òun wà lórí nọ́ńbà tí ẹ wá fúnra yín, ẹ má pe èyí tó fún yín. Bí ẹ bá fẹ́ rán owó, tí báńkì ní orúkọ kò bá àkáǹtì mu, ẹ dúró níbẹ̀. Ìdáhùn wọn kò jìnnà: àkáǹtì ọ̀rẹ́ ni, ti lọ́yà ni, ti akọ̀wé ni. Lójú tèmi, kò sí ìdí kankan tí ẹni tí ẹ kò tíì fojú rí fi yẹ kó gba owó yín, ì báà jẹ́ lórúkọ ara rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ mi le jù.

OWÓ TÓ LÈ PADÀ

Ní Ìlú Ọba, òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2024. Bí wọ́n bá fi gbájú-ẹ̀ mú kí ẹ rán owó láti àkáǹtì yín sí àkáǹtì ẹlòmíràn láàárín Ìlú Ọba, nípa Faster Payments tàbí CHAPS, báńkì gbọ́dọ̀ dá a padà, títí dé £85,000. Báńkì tó rán an àti èyí tó gbà á ni yóò pín in san ní ìdajì ìdajì. Wọ́n lè yọ tó £100 lórí ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan, àfi bí ẹni náà bá wà nípò tó mú kó rọrùn láti rẹ́ jẹ. Ẹ ní oṣù 13 láti ìgbà tí owó tó kẹ́yìn jáde. Ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ni wọ́n fi yẹ kó san án, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ìbéèrè, ó lè di 35. Báńkì lè kọ̀ bó bá fi hàn pé àìbìkítà yín burú jáì; òun ló sì gbọ́dọ̀ fi ìyẹn hàn. Bó bá kọ̀, ẹ gbé e lọ sí Financial Ombudsman Service láàárín oṣù mẹ́fà tí lẹ́tà ìpinnu rẹ̀ dé. Ọ̀fẹ́ ni.

Òfin náà kò kan gift card, kò kan owó tó lọ sókè òkun, kò kan Bitcoin. Nítorí náà, nínú £34,550, £15,950 péré ni òfin bò. Báńkì yọ £100, ó dá £15,850 padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. £18,700 ti lọ nìyẹn. Ẹ tún padà wo oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún: ìgbà tí owó tóbi jù ni ọkùnrin náà yà kúrò ní àkáǹtì Ìlú Ọba. Mo fura pé ó ka òfin náà jù wá lọ.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ pe báńkì lójú ẹsẹ̀. Nọ́ńbà 159 yóò so ọ̀pọ̀lọpọ̀ báńkì ibí pọ̀ mọ́ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sun ọlọ́pàá lórí 0300 123 2040. Ní Scotland, 101 ni. Ẹ má sọ fún olólùfẹ́ náà pé ẹ ti mọ̀, ẹ má sì pa ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ kọ rẹ́. Ẹ̀yin ẹbí wa ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ yín kò fún yín ní irú ẹ̀tọ́ yìí lórí owó tí ẹ fi ọwọ́ ara yín rán nípa Zelle. Ẹ tètè pe báńkì, kí ẹ sì fi ẹjọ́ sun FBI ní ic3.gov.

Ti £3,000 yẹn ńkọ́? Kì í ṣe owó tó ń wọlé fún un, nítorí náà kò kan owó orí. Owó ẹlòmíràn tí wọ́n lù ní jìbìtì ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ obìnrin bíi tirẹ̀. Ká ní ó ti fi ránṣẹ́ ni, òun gan-an ì bá di ọ̀nà tí olè ń gbà. A pe báńkì, báńkì sì gbà á padà. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín ní yunifásítì, àwọn tí ọ̀rẹ́ ń bẹ̀ pé "yá mi ní àkáǹtì rẹ, n ó fún ọ ní £200". Báńkì lè fi orúkọ ọmọ náà sínú ìwé Cifas fún ọdún mẹ́fà, kò sì ní rọrùn fún un láti ṣí àkáǹtì tàbí láti yáwó ra ilé. Ẹ̀wọ̀n tó wà lórí fífọ owó olè lè tó ọdún 14. Ọ̀rọ̀ náà wà ní apá Gẹ̀ẹ́sì ìwé yìí, ẹ fi hàn wọ́n.

BÍ Ó BÁ JẸ́ ÌYÁ YÍN

Nígbà tí àwọn ọmọ arábìnrin yìí gbọ́, èyí àgbà pariwo mọ́ ọn lórí fóònù: "Mọ́mì, báwo lẹ ṣe máa gò tó báyìí?" Ọ̀sẹ̀ méjì kò gbé fóònù wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ọkùnrin náà tún kọ̀wé sí i lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, pẹ̀lú ẹkún, pẹ̀lú ẹsẹ Bíbélì. Ó sọ fún mi pé ó kù díẹ̀ kí òun dá a lóhùn, nítorí òun nìkan ló ń bá òun sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Ẹ kò lè bá ẹni tó ń pe ìyá yín ní Àdùkẹ́ jà pẹ̀lú ìbínú. Ẹ jókòó tì í. Ẹ bi í pé ta ni ẹni tó ti fojú rí i, orúkọ ta ló wà lórí àkáǹtì, ta ló ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kó fúnra rẹ̀ gbọ́ ìdáhùn ara rẹ̀. Kí ẹ sì pè é ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ní agogo márùn-ún ààbọ̀ bó bá ṣeé ṣe. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó kéré jù ló ń ṣe ìyẹn báyìí.

Ó ku ìkan. Ní oṣù kẹjọ, "lọ́yà" kan kọ̀wé sí arábìnrin wa pé òun ti rí Bitcoin rẹ̀, kó san £950 kí òun gbà á jáde. Ìdí iṣẹ́ kan náà ni. Wọ́n máa ń ta orúkọ ẹni tó bá ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́ fún ara wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, kí ó tó dáhùn, èmi ló kọ́kọ́ pè.

Lẹ́yìn ìpàdé gbogboògbò tó ń bọ̀, n ó wà ní yàrá kékeré ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ẹni tó bá ní ìwé báńkì tí kò yé e, tàbí tó yé e jù, kó mú un dání. Ilẹ̀kùn á wà ní títì, mi ò sì ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.